Ìsọ̀ Tí Mo Ti Ń Háyà Kámẹ́rà ní Ìkòròdú: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nínú Iṣẹ́ Mẹ́ta

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé iṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ kan tí àwa onífíìmù ti ń háyà kámẹ́rà, iná àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní Ìkòròdú, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ọjà Ṣàbó, mo sì rò pé ó tó àkókò kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe eré àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. N kò ní dárúkọ ìsọ̀ náà, nítorí pé àwọn àléébù kan wà tí n óò sọ láìfi bò, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú yóò tètè dá ibẹ̀ mọ̀. Ohun kan wà tí mo fi ń yìn wọ́n tí n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn, ohun kan sì wà tí mo ń bá wọn jà lé lórí títí di òní, àwọn méjèèjì ló sì kan ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nínú iṣẹ́ wa lásìkò yìí, èyí tíí ṣe bí owó àti ẹ̀rọ ṣe ń bá wa pinnu irú ìtàn tí ọkàn wa lè rò.

Owó ló gbé mi dé ibẹ̀. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí mo ń lò dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2023, ọdún tó burú jù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ohunkóhun tó ti òkè òkun wá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, tí lítà kan tí kò tó ₦200 bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí ó fi lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo kí ọdún 2024 tó parí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa dá iye lé e, dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 sì ti kọjá ₦1,500 kí ọdún kan tó yí po. A kì í ṣe kámẹ́rà ní Nàìjíríà, a kì í ṣe lẹ́ńsì, a kì í ṣe káàdì tí a ń tọ́jú àwòrán sí, nítorí náà kò sí èyí tí dọ́là kò gun orí rẹ̀. Ohun tí èmi nìkan lè tu owó jọ rà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ dáwó jọ kí ọwọ́ wọn tó tó o. Háyà ló kù fún mi.

Ìsọ̀ náà kò tóbi. Yàrá méjì ni, ọ̀kan fún ọjà, èkejì fún gígé àti títo àwòrán. Wọ́n ti fi páálí ẹyin bo ògiri yàrá kejì yìí láti òkè délẹ̀ kí ariwo àwọn kọ̀ndọ́ tó ń pe Mile 12 àti Kétu má baà bá wọn wọlé. Páálí náà kò lè dá ariwo yẹn dúró tán, ṣùgbọ́n ó dín in kù dé ibi tí èèyàn fi lè gbọ́ bí òṣèré ṣe ń mí. Sólà ni wọ́n ń lò, iná wọn kò sì tíì kú mọ́ mi lórí rí. Ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìgbéyàwó àti òkú àgbà ló ń fi kámẹ́rà VHS, èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, yà káàkiri Ìkòròdú, Ìmọ́tà àti Ìjẹ̀dẹ́ kí ó tó bọ́ sídìí fíìmù, gbogbo ẹni tó ń bá a ra ọjà ló sì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, àgbà àti ọmọdé.

Lẹ́yìn tábìlì Ẹ̀gbọ́n, pẹpẹ kan wà tí kò sí ohun títà lórí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí mo ṣì ń rò. Agolo rólù fíìmù 16mm kan wà níbẹ̀, kámẹ́rà VHS tó wúwo bí ọmọ ọdún kan wà níbẹ̀, ìdì àwo fíìmù VCD kan tí wọ́n fi rọ́bà so wà níbẹ̀, fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ sì jókòó sí ìparí. Ó gbé agolo náà lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé, ó ní kí n ṣí i. Rólù tó wà nínú rẹ̀ gùn tó irínwó ẹsẹ̀ bàtà, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 11 péré ló lè gbà. Láyé ìgbà tí Hubert Ogunde àti Moses Ọlaiya tí a mọ̀ sí Baba Sala ń ṣe fíìmù, òkè òkun ni wọ́n ti ń ra rólù, òkè òkun náà ni wọ́n sì ń gbé e lọ kí wọ́n tó lè fọ àwòrán inú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì níwájú kámẹ́rà ti fi owó ilé iṣẹ́ ṣòfò nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn òṣèré ìgbà náà fi máa ń ti ṣe eré kan lórí ìtàgé láti ìlú dé ìlú, tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n kí ẹnu wọn tó sọ ọ́, kí kámẹ́rà tó dé bá wọn. Orí ìtàgé ni eré Aiye ti Ogunde ti wá kí ó tó di fíìmù ní ọdún 1979. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní ọdún 1986, tí náírà wó, rólù kò ṣeé rà mọ́, fídíò sì gba ipò rẹ̀.

Fídíò ṣe wá lóore. Òun ló jẹ́ kí ẹni tí kò ní bàbá olówó lè ṣe eré. Ṣùgbọ́n ó kó eré wọ inú pálọ̀, nítorí kámẹ́rà rẹ̀ kò lè ríran dáadáa nínú òkùnkùn, gbohùngbohùn rẹ̀ kò sì lè yà ohùn òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ìta. Nígbà tí VCD dé, àwọn olówó Ìdúmọ̀tà, ọjà tí wọ́n ti ń ta fíìmù ní Èkó, fẹ́ apá kìíní àti apá kejì nítorí pé páálí méjì ni wọn yóò tà, ìtàn tí ìṣẹ́jú 80 tó fún sì gbọ́dọ̀ nà tàntàn dé wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n tú ìdì VCD náà, ó sì fi ọ̀kan hàn mí tí òun fúnra rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ń bọ̀ láti ojú pópó, ó yà, ó wọ ọgbà, wọ́n ṣí géètì, wọ́n ti géètì, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé kí òun má pa kámẹ́rà. Mo wò ó títí, ó sì wá yé mi pé àpá owó ń wà lára fíìmù bí ìlà ṣe ń wà lójú èèyàn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ìlú tó ti wá.

Ohun tí mo fi ń yin ìsọ̀ yìí nìyí. Bí o bá dé ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n kì í béèrè irú kámẹ́rà tí o fẹ́. Ó máa ń ní kí o jókòó, kí o sọ sínì tó le jù nínú ìwé eré rẹ fún òun. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba ìwé ohun tí o kọ pé o fẹ́ háyà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí i. Mo ti rí i kí ó fa ìlà sí ohun tí yóò mú ₦60,000 wọlé fún un. Ohun kejì ni ọjọ́ ìdánrawò. Láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Àìkú, ówàǹbẹ̀ ló ń kó gbogbo kámẹ́rà rẹ̀ lọ, nítorí ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí ni owó wà. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́rú, orí pẹpẹ ni wọ́n máa ń wà. Dípò kí wọ́n máa gba eruku lásán, ó ní ẹni tó bá ń ṣe fíìmù lè gbé wọn ní ìdajì owó ní ọjọ́ mẹ́ta wọ̀nyí, bó bá jẹ́ pé ìdánrawò ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Kámẹ́rà Sony pẹ̀lú lẹ́ńsì méjì tí mo san ₦50,000 lé lórí ní ọjọ́ iṣẹ́, ₦25,000 ni mo san ní ọjọ́ ìdánrawò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí ṣe fún iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Ìtàn náà dá lé ìyá àgbà kan tó ń dín àkàrà ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ̀ Ìpàkòdo, tó ń wo gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó bá gúnlẹ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Iná ńlá mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá tí yóò gbé wọn. Ẹ̀gbọ́n wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní, “Àbúrò mi, ta lo fẹ́ tan iná mẹ́ta yìí fún? Ìyá tó ń dín àkàrà ní ìdájí, iná igi ló fi ń ríran.” Mo takú. Mo ní àwòrán yóò ṣókùnkùn. Ó ní kí n lọ dán an wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ná, kí n wá sọ ohun tí mo rí fún òun.

A dé etí omi ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà pẹ̀lú kámẹ́rà kan, lẹ́ńsì kan, òṣèré mi, àti àwọn ọmọkùnrin méjì tó di aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun kan mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ìyá náà kó igi jọ tó sì fínná, ìmọ́lẹ̀ pupa gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wá, ó kọ lu aṣọ funfun náà, ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kejì ní fífẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó ṣe ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú òróró ni iná ń jó sókè, tó sì ń rọlẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń yọ, ó ń wọ̀, bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí iná tí a lè háyà tó lè ṣe irú rẹ̀. Láàrin gbólóhùn kan, èéfín kó sí i lójú, ó dákẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo ojú omi, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kù. Mo ní kí ó má wulẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìdákẹ́ yẹn kò sí nínú ìwé tí mo kọ, òun ló sì wá di ọkàn fíìmù náà. Nígbà tí a padà lọ ya á lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni a ya sínì náà kí oòrùn tó yọ, nítorí gbogbo wa ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ wa ń lọ. Káàdì inú kámẹ́rà wa lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, a lè ya á títí di ọ̀sán bó bá wù wá. Ohun tí ọ̀wọ́n rólù fi agbára mú àwọn baba wa ṣe, ìdajì owó ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló jẹ́ kí ọwọ́ tèmi náà tó o.

Iṣẹ́ kejì kò lọ bẹ́ẹ̀. Máìkì kékeré tí a ń há mọ́ àyà aṣọ òṣèré ni mo háyà, méjì, fún sínì ìjà ọkọ àti aya kan ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Igbógbó. Bátìrì ọ̀kan ti rẹ̀ láti ìsọ̀, kò sì sí ẹni tó dán an wò kí wọ́n tó kó o fún mi. Ohùn ìyàwó já lẹ́ẹ̀mẹrin láàrin ìjà náà, a kò sì mọ̀ títí a fi dé iwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo dá wọn lẹ́jọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣètò ọjà sọ pé oníbàárà ló yẹ kó dán ohun tó gbé wò. Ẹ̀gbọ́n dá a lẹ́kun, ó tọrọ àforíjì, ó sì fún mi ní máìkì náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n owó òṣèré méjì àti oúnjẹ wọn fún ọjọ́ kejì, àpò mi ló ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ kí ó gbé agbétí tirẹ̀ dání, kí ó sì gbọ́ gbogbo máìkì ní ojú wọn kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ìjà gidi tí mo ní pẹ̀lú wọn wà lórí ètò tí wọ́n ń pè ní “Ọjọ́ Mẹ́rin.” Bí o bá ti ní ìtàn àti owó, wọn yóò bá ọ wá ilé, ayàwòrán, édítọ̀, àti ẹni tí yóò ṣe pósítà, wọn yóò sì gbé fíìmù náà sórí YouTube fún ọ, láàrin ọjọ́ mẹ́rin tí a fi ya á àti ọ̀sẹ̀ kan tí a fi tò ó. Ètò yìí ló ń mú owó wọlé fún wọn jù, n kò sì lè bá wọn wí lórí ìyẹn. YouTube ti ṣe ohun tí Ìdúmọ̀tà kò ṣe fún irú àwa obìnrin tí a kò ní olówó lẹ́yìn. Bí ìkànnì rẹ bá ti ní olùtẹ̀lé 1,000, tí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ fún 4,000 wákàtí láàrin ọdún kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó lórí ìpolówó ọjà, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpolówó tó bá wọlé lórí fídíò gígùn sì jẹ́ tìrẹ. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń wo eré wa ní alẹ́ tí a gbé e jáde, ìpolówó tí wọ́n sì ń rí níbẹ̀ ń mówó wá ju èyí tí aráalé wa ń rí lọ. Lásìkò yìí náà ni àwọn ìlẹ̀kùn mìíràn ń tì: ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Amazon, tó ni Prime Video tí a ti ń wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dáwọ́ dúró lórí sísan owó fún eré tuntun ní Áfíríkà. Lóòótọ́, fíìmù Funke Akindele, tí wọ́n bí ní Ìkòròdú wa níbí, ti kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá, èyí tó gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, èmi náà sì yọ̀ fún un bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni sinimá yóò ṣílẹ̀kùn fún?

Nítorí náà, n kò bínú sí YouTube. Ohun tí mo ń bínú sí ni ohun tí ètò Ọjọ́ Mẹ́rin ń fi ìtàn ṣe. Fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni a ti lè fi ìpolówó sí àárín rẹ̀, bí ó bá sì ṣe gùn sí i ni àyè ìpolówó ṣe ń pọ̀ sí i. Fún ìdí èyí, wọ́n ní eré kankan kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Epo ti wọ́n, nítorí náà wọn kò fẹ́ kí ọkọ̀ máa gbé èèyàn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún gbogbo eré. Mo ti rí pálọ̀ ilé náà nínú fíìmù márùn-ún láàrin oṣù mẹ́ta: àga aláwọ̀ eérú, kọ́tìnì funfun, àwòrán òdòdó kan tó wọ́ sí apá òsì. Nínú pálọ̀ yìí ni ìyàwó ilé ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, ibẹ̀ ni pásítọ̀ ti gbàdúrà, ibẹ̀ ni ọba ti gba àlejò. Ìlú tí a ní ọ̀sà, tí a ní ẹ̀bútẹ̀, tí a ní oko àti ọjà àti ọ̀nà tóóró tí àwọn ilé alámọ̀ ṣì wà létí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di àga mẹ́rin àti kọ́tìnì kan.

Mo gbìyànjú ètò náà fún iṣẹ́ mi kẹta, nítorí owó kò tó mi, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo jókòó ti édítọ̀ nínú yàrá páálí ẹyin, sínì kan dé tí àlejò kan wọlé, ó kí onílé, wọ́n fún un lómi, ó mu ún, ó béèrè ara ilé, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó sọ ohun tó bá wá. Mo ní kí ó gé e. Ọmọkùnrin náà yọ ọwọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó fi sùúrù dá mi lóhùn, “Ẹ má gé e, mà. Àkókò la ń tà.” Kò ṣe àfojúdi rárá, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ, ó sì sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi fún ọjọ́ púpọ̀. Géètì tí Ẹ̀gbọ́n ń yà nígbà ayé VCD ló tún padà wá yìí, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Mo gé e. Fíìmù náà bọ́ sí ìṣẹ́jú 58, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé owó rẹ̀ yóò kéré. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni àwọ̀ àti orin tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀: ìlù kan náà tó ń dún gbì nígbàkigbà tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, àwọ̀ ọsàn kan náà tí wọ́n ń dà lé gbogbo àwòrán lórí, ìbáà jẹ́ òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú tèmi, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n bù lé mi nítorí pé mo ní kí wọ́n má ṣe ohun kan kò tọ́.

Wọ́n tún ní ohun tuntun kan tí wọ́n ń polówó gidigidi, èyí tíí ṣe àwòrán tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ń yà fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti kọ ohun tó fẹ́ fún un. Mo ní kí wọ́n ṣe sínì kan fún mi níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbé ẹja sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ onígi ní etí ọ̀sà wa láyé àtijọ́, torí n kò ní owó tí n óò fi wá ogún obìnrin àti aṣọ òfì. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti jáde. Ó dán, ó rẹwà, kò sì sí ohun kankan níbẹ̀ tó jẹ́ tiwa. Ó fi òrùka wáyà sọ́rùn àwọn obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹ̀yà kan ṣe máa ń ṣe ní apá ibòmíràn ní Áfíríkà. Omi náà dà bí aró, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ní Ìpàkòdo rí mọ̀ pé omi wa ní àwọ̀ ẹrẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà rí púpọ̀ ni ó mọ̀, àwòrán tiwa kò sì tíì pọ̀ tó níbi tó ti lọ kọ́ṣẹ́. N kò lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ya ìjì tàbí ilé tó ń jó lè rí i lò dáadáa, mo sì ti rí ibi tó ti bá ọ̀rẹ́ mi kan dín owó kù, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ojú àti ìṣe wa, ẹ ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kíkọ sí abẹ́ àwòrán ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe dáadáa jù lẹ́yìn ìmọ̀ràn Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti fi tú Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Nínú eré mi, ọmọkùnrin kan dé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ní, “Ọkọ́ bàbá mi ni mo wá gbà.” Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ohùn òkè tó wà lórí ọkọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ tí bàbá òun fẹ́ ni òun wá gbà. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ló rí àṣìṣe náà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń jókòó ti eré mi: yóò fi agbétí sétí, yóò gbọ́ gbólóhùn kan, yóò dá a dúró, yóò dá a padà, yóò kọ ọ́. Nígbà tí òṣèré mi kan bọ́ sínú èdè Ìkòròdú tòótọ́, èyí tó fara mọ́ ti Ìjẹ̀bú, ọmọbìnrin náà pè mí lórí fóònù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣé ìbéèrè ni ìyá yìí ń béèrè ni àbí èébú ló ń bú?” Ìbéèrè yẹn tó owó tí mo san. Iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n ju ti ẹ̀rọ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, n óò sì tún san án.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú kan ni mo bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́rin níbẹ̀ tí wọ́n wá háyà iná kékeré kan ṣoṣo. Fóònù ni wọn yóò fi ya eré wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ikorodu Bois bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn nínú ilé, àwọn ọmọ ìlú wa tó fi bárò, ìkòkò àti igi ṣe ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi owó gọbọi ṣe, tí Netflix fi kó ẹ̀rọ ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún 2020. Mo gbọ́ tí àwọn kan máa ń sọ pé àìní ló ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́, pé kí a má fún ọmọ ní kámẹ́rà kí orí rẹ̀ má baà kú. N kò gbà. Bí àwọn ọmọ náà ṣe ń wo ohun èlò inú ilé tí wọ́n sì ń rí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ni ọgbọ́n wọn, wọn kò sì pàdánù rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ gidi dé. Ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè tó bi mí. Wákàtí kan ni wọ́n lò. ₦3,000 ni wọ́n san.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ dání àti ẹnì kan tó lè dúró fún un, nítorí wọn kì í gbé kámẹ́rà fún ẹni tí wọn kò mọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ láìsí onídùúró. Wọ́n ń ṣí ní aago mẹ́jọ, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kì í dé kí aago mẹ́wàá tó lù, òun ni ẹ sì gbọ́dọ̀ dúró dè. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ẹtì pátápátá. Ẹ gba ìmọ̀ràn wọn, ẹ gba kámẹ́rà wọn, ẹ fún ọmọbìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ní iṣẹ́, ẹ má sì ṣe gba ètò Ọjọ́ Mẹ́rin bí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kí ẹ ya eré tó kúrú ni ọ̀nà mìíràn náà.

Mo ti san owó ọjọ́ ìdánrawò méjì fún iṣẹ́ mi kẹrin, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti bi mí léèrè sínì tó le jù nínú rẹ̀. Mo sọ ọ̀kan fún un, ó mi orí, ó ní ìyẹn kọ́, kí n padà lọ ka ìwé eré mi.